Ọ̀nà Kan Náà Ni Èmi àti Ìyàwó Mi Rìn, Èémí Wa Ò Dọ́gba

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó ń fi èémí sí wa nínú láì dúró kí a kọ́kọ́ bẹ òun. Alhamdulillahi. Mo dúpẹ́ fún èyí tí mo mí sínú láàárọ̀ òní, mo sì dúpẹ́ fún èyí tí mo mí síta. Ẹni tí èémí ò tíì há mọ́ láyà rí lè rò pé mò ń sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rí, tó o ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹni ń wá owó tó sọ nù, ìwọ ni mo ń kọ ọ́ sí.

Sìkírátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ṣùgbọ́n Bàrígà ni mo ti bí àwọn ọmọ mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé, kí bàbá mi tó fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní ìlú wa. Iṣẹ́ ìwé dídì ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Bí àwọn onítẹ̀wé bá ti tẹ ìwé rìsíìtì tán, wọ́n á kó o wá fún wa ní pelebe pelebe. Àwa la máa tò ó, tí a máa lu nọ́ńbà sí i, tí a máa gán an pọ̀, tí a máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Orí àpótí kékeré kan ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun Alásárì. Ó ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń jókòó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ń sinmi. N kò sanra rí láyé mi, nítorí náà n kò kà á sí.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ níhìn-ín ni Múínátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí ọkọ wa fẹ́ lé mi. Ìyàwó mi ni mo máa ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyáálé mi. Aránṣọ ni. Òun náà ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ nídìí màṣíìnì, ṣùgbọ́n òun sanra dáadáa, kò sì fi bò. Bí a bá jọ wọ ọkọ̀, á ní, “Ìyáálé mi, ẹ fún mi ní ìdajì àyè yín, ẹ ò lò ó.”

Ìgbà tí àwọn olóṣèlú ń múra ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà lọ ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣómólú nígbà náà, pósítà lọ́tùn-ún, kàlẹ́ńdà lósì, mo sì túbọ̀ ń pẹ́ lórí àpótí. Mọ́sáláṣí wa ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Òkè ni àwa obìnrin ti ń kírun, àtẹ̀gùn méjìdínlógún ni a máa ń gùn. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a lọ ṣe Àṣàlátù, mo dé ìkẹfà, mo dúró. Mo dé ìkọkànlá, mo tún dúró. Ọkàn mi ń lù bí ẹni pé ó fẹ́ jáde wá bá mi sọ̀rọ̀. Alhaja kan tó wà lẹ́yìn mi pariwo pé, “Ìyá Rashídì, ṣé Àlùjánnà lẹ̀ ń gùn lọ ni? Ẹ jẹ́ ká rọ́nà kọjá o!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè parí ẹ̀rín náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí wú. Bàtà tí mo ń wọ̀ láàárọ̀ kì í gbà mí mọ́ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ, á dà bíi pé omi ń bò mí mọ́lẹ̀, ìrọ̀rí kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Mo ní àgbà ló dé. Mo ní gọ́ọ̀mù tí à ń lò níbi iṣẹ́ ni kò bá mi lára mu. Múínátù ló mú àwíjàre kúrò lẹ́nu mi. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti wọ ìborùn rẹ̀ tán.

“Ìyáálé mi, ẹ dìde ká lọ.”

“Ká lọ síbo?”

“Ọsibítù. Mo ti gbọ́ èémí yín láti yàrá tèmi.”

Ilé ìwòsàn ìjọba la lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí mọ̀ bó ṣe rí. A kírun Àsùbáà a jáde, síbẹ̀ a bá káàdì rẹpẹtẹ nínú abọ́ tí wọ́n ń kó o sí. Àwọn kan fi ìborùn gba àyè lórí bẹ́ńṣì, wọ́n lọ ra ògì. Oòrùn ti wà lókè kí wọ́n tó pè mí. Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ mí wò, ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ò mọ̀. Ọkàn yín ti ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ti fẹ̀. Bí a ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè dá iṣẹ́ sílẹ̀.”

N kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́yìn èyí. Múínátù ló gbọ́ ìyókù: oògùn tí n kò gbọ́dọ̀ fò, iyọ̀ tí n kò gbọ́dọ̀ jẹ púpọ̀. Nígbà tó sì di pé wíwú ẹsẹ̀ náà rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà náà ní kí n máa rìn, ìrìn tó yá díẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ń kó àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ìjókòó ń bá fínra jọ, ó fẹ́ mọ bí ìrìn ṣe ń mú ara kálukú bọ̀ sípò. Ó wo Múínátù láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Múínátù ní, “Èmi? Èmi kàn sìn wọ́n wá ni.”

“Ẹ máa sìn wọ́n rìn nígbà náà.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Wọ́n ní kí a rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí kálukú rìn dé. Lọ́jọ́ náà, àmì àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan.

Nílé, ẹnu kò kò. Ìbátan kan ní aáyù àti omi ewúro ni kí n máa mu, kí n ju oògùn òyìnbó nù. Òmíràn gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ní kí n má bi òun léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ṣifáwù, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ta ló fún wọn láṣẹ?” Ọkọ wa nìkan ni kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ra oògùn náà, ó gbé e ka orí àga, ó ní, “Sìkírá, lo èyí. Èmi á máa ṣe àdúà sí i.”

A bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Bí a bá ti kírun Àsùbáà tí ojú sì ti mọ́, a ó gbéra láti ilé wa títí dé tòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní Akọka, a ó sì yí padà. Èmi máa ń lọ níwájú, Múínátù á máa tẹ̀ lé mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn, pé ìyàwó kì í rìn ṣáájú ìyáálé. Mo sọ fún un títí kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní rárá, ẹ̀yìn mi tẹ́ òun lọ́rùn. Láti ẹ̀yìn yẹn ni yóò ti máa sọ̀rọ̀: “Ìyáálé mi, ẹ wo ẹni tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná, ojú ẹ̀kọ yẹn ń wò mí o.” Èmi á ní, “Yí ojú tìẹ kúrò.” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré kọjá á máa kí wa, “Ẹ kú ìdárayá, mà!” Inú mi máa ń dùn. Mo ń ka tẹ̀súbáà lọ lábẹ́ ìborùn, mo sì gbà pé láádá àti ìlera ni mò ń kó jọ pa pọ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n ní ká wá rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Múínátù kọjá àmì ẹfun rẹ̀ àtijọ́, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó, òun á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ló bá ní, “Kò rẹ̀ mí, ẹ má dá mi dúró!” Èmi rìn títí. Nígbà tí wọ́n fa ìlà tèmi, kò fi ju gígùn apá kan lọ kọjá ti àtijọ́. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀ ń rìn lóòótọ́ ṣá?”

Ìtìjú bò mí. Múínátù fèsì fún un pé, “Wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ. Èmi ni mo máa ń fẹ́ sùn!” Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà sílé, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo rí i pé ó ń fi ayọ̀ rẹ̀ pamọ́ nítorí mi, bí ẹni tó jẹ ẹran tí ẹlòmíràn ò rí jẹ, tó ń nu ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n Ṣifáwù tún dé. Mo ṣe àṣìṣe, mo ròyìn fún un.

Ó ní, “Ìwọ tó o rí tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ ń rìn, kò mú ọ lára yá. Èyí tó sanra ló ń gba okun. Níbo ló máa ń wà tí ẹ bá ń rìn?”

“Ẹ̀yìn mi ni.”

“Ẹ̀yìn rẹ báwo?”

“Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. “Ọ̀wọ̀ kẹ̀! Ojú ẹsẹ̀ rẹ ló ń tẹ̀! Ìwọ ń fi agbára sílẹ̀, òun ń ṣà á.”

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo mọ ohun tí Àlùkùránì kọ́ wa nípa àbá dídá àti ìfura sí ọmọnìkejì. Ṣùgbọ́n àìsàn máa ń sọ ènìyàn di ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé sí mi lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sọ pé, “Múínátù, máa lọ níwájú.”

Ó dúró. “Ìyáálé mi, ṣé mo ṣe nǹkan ni?”

“Ṣebí mo ní kó o máa lọ.”

Ó lọ níwájú, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wẹ̀yìn ṣáá bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Nígbà tí a fẹ́ yí padà, ó bi mí pé, “Àǹtí Ṣifáwù wá lánàá, àbí?” Mo kọjú sọ́nà ilé. Ó ní, “Kò burú.” Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo sọ fún un pé èmi nìkan á máa dá rìn.

Ẹ fi àṣìṣe mi yìí kọ́gbọ́n. Mo pinnu pé bí ìrìn kékeré kò bá ràn mí lọ́wọ́, ńlá ni màá rìn, màá sì fi ààwẹ̀ kún un. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nàfílà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nítorí ààwẹ̀, n kì í lo oògùn títí oòrùn á fi wọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, nínú oòrùn tó ń jó ilẹ̀, láìmu omi, mo dá rìn láti Bàrígà, mo ní Onípànù ni màá dé kí n tó yí padà. Mo dé ibẹ̀. Àmọ́ n kò lè yí padà. Ojú mi ṣú, mo bá ara mi nílẹ̀ lẹ́bàá ọmọbìnrin kan tó ń fi fóònù pe ènìyàn fún aráàlú lábẹ́ agboòrùn.

Ó gbé mi jókòó. “Màmá, nọ́ńbà wo ni kí n pè fún yín?”

Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wa nígbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ sórí. Mo gbọ́ ohùn Múínátù. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni, “Onípànù. Èémí.” Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má dìde. Mo ń bọ̀.”

Ọ̀wọ́n epo wà lọ́sẹ̀ náà. Ọkọ̀ ò sí, ìwọ̀nba ọ̀kadà tó wà, àwọn tó ń dúró dè é pọ̀ lọ súà. Mo ń ṣe kálímà lábẹ́ ahọ́n, mo sì gbà pé ibi tí n ó kú sí nìyí. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí obìnrin sísanra kan tó ń sáré bọ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti Bàrígà ló ti ń sáré. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi omi kàn mí lẹ́nu, ó sì pàṣẹ fún ọkùnrin kan tó ní mọ́tò pé kó ṣílẹ̀kùn. Ó ń sọ̀rọ̀ geerege. Èémí rẹ̀ ò já rárá. Agbára tí mo rò pé ó ń ṣà lójú ẹsẹ̀ mi, òun náà ló fi sáré wá gbé mi.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi dókítà obìnrin yẹn ní ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn. “Oúnjẹ kan náà ni èmi àti Múínátù ń jẹ. Ọ̀nà kan náà là ń rìn. Kí ló dé tí tiẹ̀ yá tí tèmi ò yá? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni?”

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. “Màmá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa, ara gbogbo wa kì í jẹ́ ìpè ìrìn bákan náà. Nǹkan kan wà tí bàbá àti ìyá fi ń sílẹ̀ sára ọmọ, bí wọ́n ṣe ń fi imú tàbí àwọ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á rìn fún oṣù mẹ́ta, èémí rẹ̀ á gùn. Ẹlòmíràn á rìn bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ á kàn sún díẹ̀. Ìdí tí a fi gba ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, kí a lè mọ̀ sí i. A ò tíì mọ gbogbo rẹ̀, n kò sì lè búra pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín nìyẹn. Ọkàn yín tó ti ṣàìsàn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn náà ò ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fo oògùn. Ẹ ti ń sùn lórí ìrọ̀rí kan. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i. Ọ̀dọ̀ Múínátù ni ojú mi wà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ó yé mi dáadáa nítorí iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ kan náà, yínkì kan náà, bébà kan á mu yínkì lójú ẹsẹ̀, òmíràn á pẹ́ kó tó gbẹ. A kì í jù ú nù. A máa ń fún un ní àkókò ni.

Bí dókítà ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Ṣifáwù wọlé. Òkè ni wọ́ọ̀dù náà wà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tèmi, ó ń mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, kò lè kí ẹnikẹ́ni. Dókítà wò ó, ó wò mí. “Ṣé ọmọ ìyá ni yín?”

Mo rántí ìyá wa. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti oko, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sinmi, àwọn ẹgbẹ́ wọn á sì máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọlọ́run, dárí jin gbogbo wa tí a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi di àga mú, ó jókòó. Ó ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́, fún mi lómi.” Múínátù, tó ń tọ́jú mi níbẹ̀, kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. “Ẹ rọra mu ún, Àǹtí.” Ẹ̀gbọ́n mu ún tán, ó wolẹ̀, ó bi í pé, “Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹn gan-an?”

Nígbà tó ku àwa méjì, mo sọ fún ìyàwó mi pé, “Múínátù, mo rò ọ́ sí ibi.”

“Mo mọ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ojú yín ni. Ojú yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa irọ́.”

“Kí ló dé tó o fi sáré tó bẹ́ẹ̀ wá bá mi?”

Ó ń ká aṣọ mi, kò wòkè. “Bí ẹ bá kú, Bàbá Rashídì á fẹ́ ẹlòmíràn, èmi á wá di ìyáálé. Mi ò rí ara iṣẹ́ yẹn.” Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn, n kò sì fò ó mọ́. N kì í gba ààwẹ̀ kankan láì kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló ṣe é ní ìrọ̀rùn fún aláìsàn. Ẹsẹ̀ mi kì í sábà wú. Bí mo bá ti lu nọ́ńbà sí ìdì ìwé kan tán, màá dìde lórí àpótí, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá padà. Àmì ẹfun mi ti lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Kò tíì dé ibi ti Múínátù, ó sì ṣeé ṣe kó má débẹ̀ láé. Ìyẹn ò dùn mí mọ́. Ẹ̀yin obìnrin tí dókítà ní kí ẹ máa rìn, tí ẹ sì rí i pé aládùúgbò yín ti ń fò nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ má fi kún un lójijì, ẹ má sì wá ẹni tó jí agbára yín. Ara tí Ọlọ́run fún yín ni ẹ máa bá rìn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a lọ ṣe Àṣàlátù. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Múínátù ti ń rìn báyìí. Mo ti sọ ìyẹn di òfin. A gun àtẹ̀gùn náà. Mo kọjá ìkẹfà, mo kọjá ìkọkànlá. Ní ìkejìlá, àyà mi ní kí n dúró. Kí n tó dúró, Múínátù ti dúró, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Ẹ dákun, Ìyáálé mi, ẹ dúró dè mí. Bàtà mi ló fẹ́ já.”

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ni gbogbo wa ti bọ́ bàtà sí.

Mo dúró dè é títí ó fi tún bàtà tí kò wọ̀ ṣe tán, tí èémí mi sì padà wálẹ̀. A gun mẹ́fà tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí, kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí èémí yín. Bí àtẹ̀gùn yín bá ga, kó fún yín ní ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tún bàtà tí kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣe. Kó sì jẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Àmín.